Ẹ̀yin alárinà orí WhatsApp, ẹrù ta lẹ bá gbé rí?

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kọ́rọ̀ tó gùn: èmi náà ti ṣe alárinà rí, mo sì bà á jẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ò bẹ̀ mí, àwọn òbí ẹ̀ ò sì ránṣẹ́ pè mí. Mo kàn rò pé mo mọ irú ọkọ tó yẹ ẹ́ ju bóun fúnra ẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mi ò rántí ẹ̀ mọ́, àbí kí n kúkú sọ pé mo ti pinnu pé mi ò ní í rántí ẹ̀ mọ́, àfìgbà tí mo jókòó wo fíìmù Íńdíà kan lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ò jẹ́ kéèyàn jáde. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni. Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àfi bí mo ṣe dé ibì kan tí mo dá a dúró, tí mo da fóònù dojú dé, tí mo wá ń wo àjà ilé.

Aisha lorúkọ fíìmù ọ̀hún. Oṣù kẹjọ ọdún 2010 ló jáde. Rajshree Ojha ló darí ẹ̀, Sonam Kapoor ló ṣe Aisha, Abhay Deol sì ṣe Arjun, ọmọkùnrin tó máa ń bá a wí. Èdè Híńdì ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀, ìlú Delhi ló ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ ìtàn yẹn ò ti Íńdíà wá. Inú ìwé Emma ni wọ́n ti mú un, ìyẹn ìwé tí Jane Austen, obìnrin ará Ìlú Ọba, kọ, tó jáde níparí ọdún 1815. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí gbogbo wa ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀ ní Àgbádárìgì, ọdún 1845 ni wọ́n parí ẹ̀. Ìwé yẹn ti jáde fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó parí ilé yẹn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ èmi tí mo ní WhatsApp lọ́wọ́ ló ń sọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wò ó, bó ṣe lọ nìyí. Aisha lówó, ó rẹwà, bàbá ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀, kò sì sí wàhálà gidi kan tó ń dà á láàmú. Àǹtí ẹ̀ kan ṣègbéyàwó, Aisha sì gbà pé òun lòun so tọkọtìyàwó náà pọ̀, pé ẹ̀bùn òun nìyẹn. Ló bá ń wá ẹlòmíì tó tún máa so pọ̀. Ó rí Shefali, ọmọbìnrin tó wá láti Bahadurgarh, ìlú kan tí kò jìnnà sí Delhi. Ó pààrọ̀ aṣọ ẹ̀, ó tún irun ẹ̀ ṣe, ó sọ ọ́ di ẹlòmíì. Ó ní Randhir ló yẹ ẹ́, ọmọ olówó tí ìdílé wọn ń ṣe ìpanu aládùn tà. Ọmọkùnrin kan tún wà ńbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Saurabh, tó nífẹ̀ẹ́ Shefali láìsí ariwo. Ojú Aisha ò gbà á. Kò jọjú. Kò ní level.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tọ́rọ̀ máa já sí. Randhir ò rí Shefali rárá, Aisha fúnra ẹ̀ lojú ẹ̀ wà lára. Gbogbo nǹkan dojú rú. Nígbà tó máa fi parí, Shefali padà sọ́dọ̀ Saurabh, Aisha sì wá rí i pé Arjun tó ń bá òun wí látìgbà yìí lòun nífẹ̀ẹ́. Ijó, orin, aṣọ aláràbarà, ó parí.

Ibi tí Aisha ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú Saurabh ni mo ti dá a dúró. Torí mo mọ ojú yẹn. Mo ti wò ó rí nínú dígí.

Ọmọ Apa lọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ agbègbè Àgbádárìgì á mọ Apa, ìlú àtijọ́ tí Alápa ń jọba lé lórí, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Ògù nínú ilé, tí wọ́n á sì fi Yorùbá nájà. Ìpínlẹ̀ Èkó ni lóòótọ́, àmọ́ téèyàn bá wọkọ̀ láti Máìlì Túù, tó fara da gbogbo ọ̀nà yẹn, á máa rò ó pé òun ti fẹ́ẹ̀ dé Kútọnu.

Àgbọn pọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn, iṣẹ́ àgbọn sì lọkùnrin tó ń fẹ́ ọ̀rẹ́ mi nígbà náà ń ṣe. Á ra àgbọn jọ lọ́wọ́ àwọn tó loko, á kó o sínú ọkọ̀, á gbé e wá fáwọn oníbàárà ẹ̀ nígboro Èkó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá wá kí wa, á gbé àgbọn tútù dání, á jókòó sétí àga láìfẹ̀yìn tì í, bí ẹni tó wá ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń ránṣọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ bà jẹ́, ọkùnrin yìí ló ra òmíì fún un, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ fún mi.

Ẹ gbọ́ nǹkan témi sọ fún un. Mo ní, "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́? Elágbọn?" Mo ní ó rẹwà, ó mọṣẹ́, ìgboro ló yẹ kó wà. Mo ní mo mọ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, Lẹ́kí ló ń gbé, irú ẹ̀ ló yẹ ẹ́. Òótọ́ tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ rí, òde ìnáwó sì ni ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Mi ò mọlé ẹ̀. Mi ò mọ ìyá ẹ̀, mi ò mọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kankan. Mọ́tò ẹ̀ ni mo mọ̀, àti òórùn lọ́fínńdà tó máa ń fín.

Gbogbo nǹkan tí Aisha ṣe fún Shefali ni mo ṣe fọ́rẹ̀ẹ́ mi. Mo bá a yan aṣọ, mo yá a ní bàtà, mo kọ́ ọ nǹkan tó máa sọ àtèyí tí kò gbọ́dọ̀ sọ. Mo ní kó má tètè dárúkọ Apa, kó kàn sọ pé ọ̀nà Àgbádárìgì lòun ń gbé. Nínú ìwé Emma, lẹ́tà kan wà tí Emma bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ Harriet dá sí, èyí tó fi sọ fún àgbẹ̀ tó fẹ́ fi ṣaya pé òun ò ṣe. Èmi ò kọ lẹ́tà. WhatsApp ni mo lò. Èmi gan-an ni mo gba fóònù ọ̀rẹ́ mi, tí mo tẹ ọ̀rọ̀ tó lọ sọ́dọ̀ elágbọn, pé òun fẹ́ ráyè ronú nípa ara òun ná. Ọkùnrin náà dá èsì padà. Ó ní, "Ó dáa. Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú ẹ." Mo ka ìyẹn sókè, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó kù nínú group wa náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rẹ́ wa ti gba ìgbéga.

Ọ̀gbẹ́ni báńkì wá ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó mú un jáde jẹun, ó mú un lọ sí etí òkun. Lẹ́yìn náà, kò gbé fóònù mọ́. Nígbà tí mo rí i níbi ìnáwó míì, mo béèrè pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni o, àmọ́ ibẹ̀ yẹn ti jìn jù." Epo tó máa jó dé Apa ló ṣírò, àwọn méjèèjì parí síbẹ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, elágbọn ti mọ ọmọbìnrin kan ní Àjárá. Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí, wọ́n ti bímọ.

Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi jà. Ó dá bàtà mi padà, ó ti nù ún mọ́ tónítóní, ó fi ọ̀rá wé e. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìyàtọ̀ wà láàárín fíìmù àti ayé. Nínú fíìmù, Saurabh dúró dìgbà tójú Shefali fi là. Nígboro, elágbọn kì í dúró. Kí ló máa dúró fún? Ẹ ti sọ fún un pé ẹ ò ṣe. Alárinà tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nínú fíìmù ṣì lè rí ẹni fẹ́ níparí. Alárinà tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nígboro kì í pàdánù nǹkan kan, ẹlòmíì ló ń pàdánù. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ wò lónìí nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Yorùbá níléèwé girama, ẹ máa rántí pé wọ́n kọ́ wa ní ìgbésẹ̀ ìgbéyàwó ayé àtijọ́. Ìfojúsóde, alárinà, ìjọ́hẹn, ìtọrọ, ìdána. A há a sórí torí WAEC, a kọ ọ́ sílẹ̀, a gbàgbé ẹ̀. Lójú tèmi nígbà yẹn, alárinà ni ẹni tó ń báni jíṣẹ́ fún ọmọbìnrin, tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kiri. Mi ò mọ̀ pé àárín iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi ló là mí lójú. Mo lọ sí Apa lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, torí mo ní kí n lọ fojú kan ọ̀rẹ́ mi. Mo bá màmá níwájú ilé tí wọ́n ń ṣa ìrẹsì. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní kí n jókòó. Ọ̀rọ̀ dọ́rọ̀, ni mo bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti ṣe alárinà rí?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mẹ́ta dúró, ọ̀kan fọ́."

Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe nígbà tó fọ́?"

Wọ́n gbójú sókè wò mí. Wọ́n ní, "Kí ni mo máa ṣe? Ẹnu ọ̀nà tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Ìdájí ni ìyá ọmọ wá jókòó síbẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn, ó kàn jókòó. Mo lọ, mo bọ̀. Mo bá ọkọ sọ̀rọ̀, mo bá ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, èmi ni mo lọ gbé ẹrù ọmọ yẹn kúrò nílé ọkọ, tí mo gbé e padà fún bàbá ẹ̀. Orí mi yìí ni mo fi rù ú. Gbogbo àdúgbò ń wò mí."

Wọ́n ṣa ìrẹsì lọ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìwọ ńkọ́? Ẹrù ta lo gbé rí?"

Mi ò dáhùn. Wọn ò sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyẹn ni iṣẹ́ alárinà. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, òun ló máa wádìí. Ṣé ìdílé yẹn máa ń jẹ gbèsè? Ṣé àrùn kan wà tí wọ́n ń fi pa mọ́? Ṣé àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń na ìyàwó? Ṣé ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí ẹnu lásán ni? Ìdílé méjèèjì ló mọ̀ ọ́n, ìdílé méjèèjì ló sì lè wá a délé. Tí nǹkan bá dáa, wọ́n á kí i. Tí kò bá dáa, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí. Torí náà, kò lè la ẹnu ẹ̀ lásán. Ohun tó bá sọ lónìí, á padà wá bá a lọ́la.

Yorùbá ní tójú bá ti mọjú tán, alárinà á yẹ̀ba. A fẹ́ràn òwe yìí gan-an, torí ó fún wa láyè láti sá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó yẹ̀ba ò sá lọ. Ẹ̀gbẹ́ ló bọ́ sí kó lè fún tọkọtaya láyè. Téèyàn bá yíjú, á ṣì rí i níbi tó wà. Àwa alárinà ìwòyí kì í yẹ̀ba, ńṣe la máa ń kúrò nínú group.

Tí mo bá sọ báyìí, mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ayé àtijọ́ náà níṣòro tiẹ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n fi ọmọ ẹlòmíì fún ẹni tí kò fẹ́, alárinà sì wà ńbẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́. Mi ò sọ pé ká padà síbẹ̀. Kí ọmọ fúnra ẹ̀ yan ẹni tó fẹ́, ó dáa ju kí wọ́n yàn fún un. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀yin àtèmi tá à ń pariwo pé a ò fẹ́ kí òbí yan ọkọ fún wa, àwa náà là ń yàn án fọ́rẹ̀ẹ́ wa, láìṣe ìwádìí táwọn òbí ṣe, láìgbé ẹrù tí wọ́n gbé.

Ẹ wo àwọn fíìmù ìfẹ́ tá à ń wò. Nínú tiwa, ìyá ọkọ ló sábà máa ń burú, tàbí bàbá ìyàwó. Ẹ rántí Namaste Wahala tó jáde lórí Netflix lọ́jọ́ àwọn olólùfẹ́ lọ́dún 2021, èyí tí Hamisha Daryani Ahuja darí. Ọmọbìnrin Nàìjíríà tí Ini Dima-Okojie ṣe àti ọmọkùnrin Íńdíà tí Ruslaan Mumtaz ṣe pàdé ní Èkó, ìfẹ́ wọlé, ni wàhálà òbí bá bẹ̀rẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a sì lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, torí àwọn àgbà ló jẹ̀bi, àwa ọ̀dọ́ mọ́. Aisha ò fún wa nírú ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn. Ẹni tó ń ba ayé Shefali jẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń yá a láṣọ ni. Jane Austen ti mọ ìyẹn láti ọdún 1815, pé ẹni tó fẹ́ràn ẹ lè ṣe ẹ́ níbi tó sì tún máa rò pé òun ń ṣe ẹ́ lóore.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní fíìmù lásán ni, pé aṣọ àti báàgì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí Aisha jáde, ọ̀rọ̀ aṣọ inú ẹ̀ gba ẹnu àwọn èèyàn kan. Àmọ́ àwa náà ò yàtọ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìwé Ó Le Kú, ó jáde lọ́dún 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997. Kí lọ̀pọ̀ èèyàn rántí? Ìró kúkúrú àti bùbá! Títí di báa ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aránṣọ tẹ́ ẹ ní Olékú lẹ fẹ́, kò ní í béèrè pé kí ni. Ọ̀pọ̀ tó ń wọ̀ ọ́ ò tíì ka ìwé yẹn rí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ló wà níbẹ̀: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Ìbàdàn, ìyá ẹ̀ ń dà á láàmú pé kó mú ìyàwó wálé, òun náà ò mọ èwo ló máa mú nínú Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Orúkọ ìwé yẹn ti sọ bó ṣe parí fún yín.

Aṣọ ò ba Ó Le Kú jẹ́, aṣọ ló gbé e wọlé àwọn tí kì í kàwé. Bó ṣe rí fún Aisha náà nìyẹn. Ẹ̀rín àti aṣọ ló mú kí n jókòó. Ká ní ìwàásù lẹnì kan gbé kalẹ̀ nípa bá a ṣe ń fojú kéré ọmọ tálákà, mi ò ní í wò ó dé ìdajì. Fíìmù ẹlẹ́rìn-ín ni mo bá wọlé, ó sì bá mi nílé láìròtẹ́lẹ̀. Ó wù mí kí ẹnì kan nínú àwọn òṣèré wa ṣe irú ẹ̀ ní Yorùbá: alárinà tí kò gbọ́n, ìlú tó wà létí omi, ẹ̀rín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kéèyàn tó dé ilé kó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìtàn ẹkún ti pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ owó, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń lọ. Ẹ máa ní, ṣé kéèyàn máa wo ọ̀rẹ́ ẹ̀ kó wọnú ìyà ni? Rárá o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Tí ọkùnrin ò bá níṣẹ́, tí kò sì wá iṣẹ́, ẹ sọ fọ́rẹ̀ẹ́ yín. Tó bá ń mu bí ẹja, ẹ sọ. Tó bá gbá a létí lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ pariwo. Ìyẹn gan-an ni ìwádìí tí mò ń sọ.

Àmọ́ elágbọn ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe tálákà. Ó níṣẹ́, ó ní oníbàárà, ó ń rówó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fẹ́ni tó fẹ́ràn. Nínú ìwé Emma, Robert Martin tí wọ́n kọ̀ yẹn náà kì í ṣe ẹni ebi ń pa. Àgbẹ̀ tó gbọ́n ni, oko ẹ̀ ń lọ dáadáa, ọ̀gbẹ́ni Knightley tó ni ilẹ̀ tó ń dá oko lé lórí sì bọ̀wọ̀ fún un. Orúkọ iṣẹ́ ẹ̀ ni Emma ò fẹ́ gbọ́. Èmi náà, orúkọ iṣẹ́ ni mo gbọ́, mi ò wo iṣẹ́. "Ọkọ mi ń ta àgbọn" ò dùn lẹ́nu mi, mo sì gbàgbé pé kì í ṣe ẹnu mi ló máa sọ ọ́. Tá a bá sọ pé ẹnì kan ò ní level, ká bi ara wa pé level ta ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú tó máa ti àwa ọ̀rẹ́ níbi ìnáwó là ń rò, a ò ronú nípa ilé tí òun nìkan máa gbé inú ẹ̀.

Lónìí, a ti ní àwọn alága ìjókòó àti alága ìdúró níbi ìdána. Wọ́n á kọrin, wọ́n á pa wá lẹ́rìn-ín, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ sí òde míì. Kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn, ó sì máa ń parí kílẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ kò yẹ kí alárinà dà bíi tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ so ọ̀rẹ́ yín méjì pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ mọ ilé àwọn méjèèjì. Ẹ bi ara yín bóyá ọ̀rẹ́ yín ló ní kẹ́ ẹ bá òun wá a, àbí adùn pé "èmi ni mo so wọ́n pọ̀" lẹ̀ ń wá kiri. Kẹ́ ẹ wá béèrè èyí tí màmá bi mí: tó bá fọ́, ṣé ẹ máa lọ bá a gbé ẹrù? Tẹ́ ò bá lè dáhùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n pàdé fúnra wọn. Ọjà wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́ṣáláṣí wà, DM náà wà.

Kẹ́ ẹ sì wá Arjun kan fi sáàárín ẹgbẹ́ yín. Ohun tí mo gbádùn jù lára ọmọkùnrin yẹn ni pé kì í pàtẹ́wọ́ fún Aisha bí kò bá tọ́. Nínú group tiwa, gbogbo wa là ń pàtẹ́wọ́. Ká ní ẹnì kan péré kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn pé, "Ṣé ẹ mọ ọkùnrin báńkì yìí ṣá?", bóyá mo máa dá ọwọ́ mi dúró.

Ó kù díẹ̀ kí n parí àròkọ yìí ni ọ̀rẹ́ mi pè mí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rẹ́nì kan. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là: níbo ló ń gbé, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, ìròyìn ni mo fún ẹ o, mi ò ní kó o bá mi ṣe é."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní tí ẹrù kankan bá wà láti gbé, kó pè mí.